Pínǹgì ń dáhùn, lẹ́tà ò wọlé: kí ló yẹ ká máa ṣọ́ lára gateway ímeèlì?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà, èmi nìkan náà ni. Àpótí ímeèlì tó wà lọ́dọ̀ wa tó 180. A gbé Proxmox Mail Gateway síwájú sáfà ímeèlì wa kó máa bá wa sẹ́ spam àti fáírọ́ọ̀sì kúrò. Mo fi Uptime Kuma, ètò kan tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ṣọ́ ọ: ó ń fi pínǹgì kàn án láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè, ó sì ń wò ó bóyá pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé, ń dáhùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹyọ lẹ́tà kan ò wọlé láti ìta, bẹ́ẹ̀ Uptime Kuma ní kò séwu. Akọ̀wé wa ló pè mí pé báǹkì ní àwọn ti fi ìwé ránṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo pa gateway náà tí mo tún un tàn, kò ju bíi wákàtí kan lọ tí gbogbo lẹ́tà fi ya wọlé. Kí ló yẹ kí n máa ṣọ́ gan-an? Ṣé kí n gbé Zabbix, ètò ìṣọ́ tó tóbi ju Uptime Kuma lọ, sórí gateway náà fúnra rẹ̀, àbí ìyẹn á ṣílẹ̀kùn fún olè? Ọ̀gá ti ní irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ láé."

Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe yé mi sí, pé ẹ̀rọ dákú kọ́ ló dùn ọ́ jù, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí kì í dákú. Ohun tó dùn ọ́ ni pé ohun tí o fi ṣọ́lé ń sọ pé àlàáfíà ni, títí akọ̀wé fi pè ọ́. Ìṣọ́ rẹ ò sì purọ́ o. Ohun tí o bi í ló dáhùn. O bi í pé ṣé ẹ̀rọ wà láàyè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. O bi í pé ṣé pọ́ọ̀tù 25 ṣí, ó ní ó ṣí. O ò bi í pé ṣé lẹ́tà ń dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, òun náà ò sì bá ọ sọ ọ́. Lẹ́tà ni kó o máa ṣọ́. Tí o bá ń ṣọ́ lẹ́tà dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ara rẹ̀.

Jẹ́ ká tẹ̀ lé lẹ́tà kan wọlé, kó o lè rí ibi tó ti lè há. Lẹ́tà báǹkì dé pọ́ọ̀tù 25, Postfix, ètò tó ń gba lẹ́tà tó sì ń gbé e kiri, ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ka Postfix kan tó ń jẹ́ postscreen á kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì IP ẹni tó mú un wá, á bi àwọn tó ń to orúkọ àwọn oníspam jọ, bíi Spamhaus, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí ibẹ̀ bá mọ́, pmgpolicy, ẹ̀ka Proxmox kan, á wò ó bóyá gateway ti rí olùránṣẹ́ yìí rí. Tí kò bá rí i rí, á ní kó lọ fara balẹ̀ kó padà wá. Greylisting nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni Postfix tó gba lẹ́tà, á gbé e sórí ìlà nínú dísìkì, á sì dá báǹkì lóhùn pé "250 2.0.0 Ok: queued as", pẹ̀lú nọ́ńbà. Lójú báǹkì, iṣẹ́ ti parí. Lọ́dọ̀ tìrẹ, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Postfix á wá gbé lẹ́tà náà fún pmg-smtp-filter ní pọ́ọ̀tù 10024 nínú ẹ̀rọ kan náà. Òun ló ń pe ClamAV sí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, tó ń pe SpamAssassin sí ọ̀rọ̀ spam, tó sì ń tẹ̀ lé òfin tí o kọ, èyí tó wà nínú dátábéèsì PostgreSQL. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i tán, lẹ́tà á padà sọ́wọ́ Postfix, Postfix á gbé e lọ bá sáfà ímeèlì yín. Pọ́ọ̀tù 25 tí ò ń wò yìí, mègádì ẹnu géètì ni, tó ń kí àlejò, tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, tí ẹni tó yẹ kó gbé ẹrù wọlé sì ti sùn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlejò á lọ tayọ̀tayọ̀. (Bí o bá ti yí i sí before-queue, ìyẹn ni kí àyẹ̀wò ṣáájú gbígba lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: olùránṣẹ́ ló máa dúró de ìdájọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ látilẹ̀ ni mo sọ yẹn.)

Báwo ni mo ṣe wá mọ̀ pé inú ilé ló ti há? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́. O ní kò ju bíi wákàtí kan lọ tí gbogbo wọn fi ya wọlé. Ká ní gateway rẹ ò gba lẹ́tà rárá ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ ni wọn ì bá wà, oníkálukú ló sì ní ìgbà tó máa ń padà wá gbìyànjú. Òmíì á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíì á di wákàtí mélòó kan. Ẹyọ ẹyọ ni wọn ì bá máa kán wọlé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ṣùgbọ́n Postfix tìrẹ, bí o ò bá fọwọ́ kan ètò rẹ̀, kì í jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá 4000 lọ kó tó tún lẹ́tà tó há gbìyànjú. Wákàtí kan lé díẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà tó ya wọlé lápapọ̀ báyìí, inú àgbàlá ló ti wà tẹ́lẹ̀. Lọ ṣí /var/log/mail.log ti ọjọ́ náà, kó o wá "status=deferred", ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n sún síwájú, nínú rẹ̀. Tí o bá bá "connect to 127.0.0.1[127.0.0.1]:10024: Connection refused" níbẹ̀, pmg-smtp-filter ló kú. Tó bá jẹ́ àdírẹ́sì sáfà ímeèlì yín lo bá níbẹ̀, gateway ò jẹ̀bi, sáfà inú ni kò gba ohun tí wọ́n gbé fún un. Lẹ́yìn náà, lo journalctl -k láti ka àkọsílẹ̀ kernel, ìyẹn ọkàn Linux, kó o wá "Out of memory", pé RAM ti tán. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ báyìí sábà máa ń já sí lọ́wọ́ mi, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣahun RAM fún. ClamAV nìkan ń jẹ ju 1 GB lọ. Nígbà tí freshclam, ẹ̀ka ClamAV tó ń mú àtúnṣe wá, bá sì gbé àmì fáírọ́ọ̀sì tuntun dé, clamd, ẹ̀ka tó ń yẹ fáìlì wò, á ka tuntun sínú RAM tán kó tó ju ti àtijọ́ nù, ohun tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì fúngbà díẹ̀. Bí ẹ̀rọ ò bá ní ju 2 GB, kernel á wá ẹni tó máa pa, kì í sì í bi wá léèrè ẹni tí a fẹ́ kó dá sí. 4 GB ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, tí agbára bá sì gbé e, fi kún un.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o gbé kalẹ̀ ni lẹ́tà ìdánwò. Wá ibì kan tí kì í ṣe inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, VPS kékeré kan (sáfà tí a yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó, kó o kọ script Python sórí rẹ̀. Smtplib, irinṣẹ́ Python fún fífi lẹ́tà ránṣẹ́, á máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àpótí ìdánwò kan lórí sáfà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó gba ojú MX yín (àdírẹ́sì tí gbogbo ayé fi ń mọ ibi tí lẹ́tà yín ń gbà) wọlé gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àlejò, kí aago àti nọ́ńbà kan wà nínú àkọlé rẹ̀. Imaplib, irinṣẹ́ Python fún kíka àpótí lẹ́tà, á ṣí àpótí náà, á wá nọ́ńbà yẹn, á kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà sílẹ̀, á sì pa lẹ́tà náà rẹ́ kí àpótí má bàa kún. Bí nọ́ńbà ò bá dé láàárín ìṣẹ́jú 15, kí fóònù rẹ dún. Kó o tó sanwó VPS, béèrè bóyá wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù 25 síta fún oníbàárà. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń tì í pa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ò ní gbà, greylisting á dá a padà, kò séwu, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjá. Má tìtorí ìyẹn kọ àdírẹ́sì ìdánwò náà sínú whitelist, ìwé àwọn tí a kì í yẹ̀ wò, o, torí gbogbo ibi tí o fẹ́ dán wò ni whitelist á jẹ́ kó fò. Ṣe irú rẹ̀ fún lẹ́tà tó ń jáde náà: kí sáfà yín gbé e fún gateway ní pọ́ọ̀tù 26, kó dé àpótí kan níta.

Apá kan tún wà tí kì í sábà wá síni lọ́kàn. Gateway tó ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá ti bàjẹ́ ju èyí tí kò jẹ́ kí nǹkan kan kọjá lọ, nítorí kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ lórí fóònù pé lẹ́tà òun ń wọlé jù. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fi EICAR ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà kan náà. Ìlà ọ̀rọ̀ kan lásán ni, lẹ́tà àti àmì 68, tí gbogbo ètò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì ti fohùn ṣọ̀kan láti máa pè ní fáírọ́ọ̀sì kí èèyàn lè fi dán wọn wò láìfọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì gidi. SpamAssassin náà ní tirẹ̀, GTUBE. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá dé àpótí ìdánwò láìjẹ́ pé wọ́n fi í sí àhámọ́, ìkìlọ̀ pàjáwìrì ni. Má gbìyànjú láti fi EICAR ránṣẹ́ láti Gmail, ọ̀dọ̀ Google ni wọ́n ti máa gbá a mú, wàá sì rò pé gateway rẹ ló ṣiṣẹ́. Lára èyí náà ni ọjọ́ orí àmì fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú /var/lib/clamav. Wọ́n máa ń gbé tuntun jáde lójoojúmọ́. Tí fáìlì daily bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta láìyí padà, freshclam rẹ ti há níbì kan.

Ìlà Postfix ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìkìlọ̀ da ara wọn láàmú. Wọ́n á ní tí lẹ́tà bá ti tó 50 lórí ìlà, kí aago dún. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá fi ìwé ìpàdé ọdọọdún ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, aago á dún, àìsàn kankan ò sì ṣe ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ lóru, lẹ́tà 12 péré lè wà níbẹ̀ láti aago méjì, aago ò ní dún. Ọjọ́ orí lẹ́tà ni kó o máa wò. Àṣẹ postqueue -j ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí ìlà kan ṣoṣo, arrival_time wà nínú rẹ̀, orúkọ ìlà tó wà náà wà níbẹ̀, àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí àti ìdí tí kò fi tíì lọ. Kò sì nílò root, ìyẹn àṣẹ alákòóso pátápátá. Ya àwọn tó ń bọ̀ wá sí dómeènì tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ síta. Lẹ́tà tiyín tó bá ti wà lórí ìlà fún ìṣẹ́jú 20, ìkìlọ̀ ni. Lẹ́tà tó ń lọ síta, tí ẹnì kan ti kọ gmail ní gmial, lè jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí Postfix tó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tìrẹ kọ́ nìyẹn.

Iye lẹ́tà tó ń kọjá náà ní ohun tó ń sọ, lókè àti nísàlẹ̀. Kí script rẹ máa ka iye "status=sent" tó lọ bá sáfà inú láàárín ìṣẹ́jú 30. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfi ìkìlọ̀ kankan sí i, kó o lè mọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ: bí àárọ̀ Ajé ṣe máa ń kún, bí ọ̀sán Jímọ̀ ṣe máa ń rọlẹ̀, bí òpin ọ̀sẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó lè sọ pé láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, tí iye náà bá di òdo, kí wọ́n jí mi. Ìlànà kan ṣoṣo yìí ì bá ti pè ọ́ kó tó di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ní òdì kejì, wo iye tí olùránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi jáde. Tí òṣìṣẹ́ kan tí kì í kọ ju lẹ́tà 30 lọ lóòjọ́ bá ṣàdédé kọ 900 láàárín wákàtí kan, olè ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí o kò bá tètè rí i, IP yín á bọ́ sínú ìwé Spamhaus, lẹ́tà tó dáa náà ò sì ní dé ibi tó ń lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Spamhaus yìí gba àlàyé, torí ó lè pa gateway láìfara hàn. DNS, ètò tó ń túmọ̀ orúkọ sí àdírẹ́sì, ni gateway fi ń bi wọ́n léèrè. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dáhùn ẹni tó bá gba ẹnu DNS gbogbogbòò bíi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 bi wọ́n. Kàkà kí wọ́n dáhùn, 127.255.255.254 ni wọ́n á dá padà, ìyẹn ni pé "o gba ibi tí kò yẹ wá". Gateway tí wọ́n kọ òfin rẹ̀ pé ìdáhùn èyíkéyìí túmọ̀ sí ọ̀daràn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo ayé padà, báǹkì, ìjọba, àti ọ̀gá rẹ tó wà lẹ́nu ìrìn àjò. Èyí tí wọ́n bá sì kọ òfin rẹ̀ dáadáa á kàn máa jẹ́ kí spam kọjá. Ẹnì kan á lọ yí DNS ẹ̀rọ padà sí 8.8.8.8 nítorí pé ti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ́ra, kò ní ronú kan ímeèlì rárá. Gbé unbound, ètò DNS tìrẹ, sórí gateway náà kó máa béèrè fúnra rẹ̀, kó o sì máa dán ọ̀nà náà wò ní wákàtí wákàtí: bi 2.0.0.127.zen.spamhaus.org, ó gbọ́dọ̀ dáhùn, 127.0.0.2 á sì wà lára ìdáhùn. Bi 1.0.0.127.zen.spamhaus.org, kò gbọdọ̀ dáhùn rárá. Tí èyí tó yẹ kó dákẹ́ bá fọhùn, tàbí èyí tó yẹ kó fọhùn bá dákẹ́, o ti mọ ibi tí wàá kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ náà ni kó o ti máa bi wọ́n nípa IP tiyín.

Dísìkì àti sáfíkéètì ò ní gba àkókò wa. Bí àyè tó ṣẹ́ kù nínú dísìkì bá ti kéré sí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lẹ́tà tó tóbi jù tí o fàyè gbà, Postfix á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àlejò lóhùn pé "452 4.3.1 Insufficient system storage", nítorí náà má dúró dìgbà tó bá di òdo. Fi ìkìlọ̀ sí 80, fi pàjáwìrì sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún sáfíkéètì TLS, tó ń pa lẹ́tà mọ́ lójú ọ̀nà, ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 14 kó tó kú ti tó.

Ó kan ìbéèrè rẹ lórí Zabbix àti olè. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ́. Gateway ímeèlì jẹ́ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé lẹ́tọ̀ọ́ láti fi fáìlì ránṣẹ́ sí, òun sì gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì ọ̀hún wò. Ní 2023, ó hàn síta pé ọwọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba gateway ilé iṣẹ́ Barracuda nípasẹ̀ àléébù tí wọ́n pè ní CVE-2023-2868. Orúkọ fáìlì tó wà nínú àsomọ́ irú .tar (àpò tí wọ́n kó fáìlì jọ sí) ni wọ́n fi wọlé. Oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n tó rí i, nígbà tí wọ́n sì tú u wò, wọ́n rí i pé láti oṣù kẹwàá 2022 ni àwọn olè ti wà nídìí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Barracuda ní kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pààrọ̀ ẹ̀rọ náà pátápátá, pé àtúnṣe nìkan ò tó. Fún oṣù méje, lẹ́tà ń wọlé, lẹ́tà ń jáde, kò sí ìlà kankan tó há. Ohun tó lè fu ẹni tó ń ṣọ́ irú rẹ̀ lára ni ibi tí gateway fúnra rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níta. Gateway tìrẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá pọ́ọ̀tù 25 àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀, àti DNS, àti ibi tó ti ń gba àmì fáírọ́ọ̀sì àti àtúnṣe, àti aago NTP, àti ibi ìṣọ́ tí o bá yàn. Kọ ọ́ sínú firewall pé ìyẹn nìkan ni, kí ohunkóhun tó bá kọjá ìyẹn di ìkìlọ̀. Tí o bá wá fẹ́ Zabbix, gbé agent rẹ̀, ẹ̀ka kékeré tó ń jókòó lórí gateway, sí ipò active nìkan: òun ni yóò máa jáde lọ bá sáfà Zabbix ní pọ́ọ̀tù 10051, kò ní sí pọ́ọ̀tù tuntun tó ṣí lórí gateway. Fi PSK, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, dì í, má sáré fún un ní root, má sì gba system.run, tó ń jẹ́ kí sáfà Zabbix pa àṣẹ fún ẹ̀rọ, láàyè lórí rẹ̀, torí òun gan-an ni ilẹ̀kùn olè tí ò ń bẹ̀rù. Tí ohun tí o fẹ́ mọ̀ bá wà nínú API Proxmox (ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń bi í léèrè), dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ fún un tí ipò rẹ̀ jẹ́ Auditor, tó lè wo nǹkan tí kò lè yí nǹkan. Pọ́ọ̀tù 8006, níbi tí ojú ewé ìṣàkóso Proxmox wà, ò gbọdọ̀ kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nàkọnà.

Ká sòótọ́, mi ò rò pé Zabbix ni ìṣòro rẹ. Zabbix dára, àwòrán ìlà rẹ̀ dùn ún wò, àwọn tó ní sáfà 40 ò lè ṣe láìní irú rẹ̀. Prometheus náà bẹ́ẹ̀, pàápàá tí ẹ bá ti ń lò ó fún nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, Zabbix fúnra rẹ̀ á sì di ẹ̀rọ mìíràn tí o gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, pẹ̀lú dátábéèsì rẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀. Uptime Kuma tí o ní lọ́wọ́ ní irú ìṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Push: kì í lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń jókòó de ẹni tó máa wá kí i. Jẹ́ kí script kọ̀ọ̀kan tí mo sọ lókè lọ kí i nígbà tí ohun gbogbo bá dára nìkan. Tí ìkíni ò bá dé lákòókò, ìkìlọ̀ á jáde, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ló há, ìbáà jẹ́ script ló kú, ìbáà jẹ́ gbogbo ilé ni iná ti lọ. Lójú tèmi, ìyẹn tó fún ọ ní ọdún yìí.

Ibi tí Uptime Kuma ọ̀hún wà ló ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Tó bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà tí gateway wà, tàbí tó ń jẹ iná láti inú ìnfátà kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa kú, wàá sì máa rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn àlàáfíà ni. Gbé e lọ síta. Ṣùgbọ́n ìta nìkan náà ò tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ létíkun Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ẹni tí ìṣọ́ rẹ̀ wà ní Yúróòpù nìkan lè máa gbọ́ pé ẹ̀rọ òun ní Nàìjíríà kú, kó sì jẹ́ pé àwọn tó wà nílé ṣì ń kọ̀wé síra wọn. Fi ìkejì sí inú ilé, kódà kó jẹ́ Raspberry Pi orí bátìrì. Tí ìta bá ké tí inú ò ké, ojú ọ̀nà ló bàjẹ́. Tí àwọn méjèèjì bá ké, dìde.

Má jẹ́ kí ìkìlọ̀ gba ímeèlì wá. Mo mọ̀ pé ó jọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, àmọ́ mo ti bá a níbi iṣẹ́ tó tóbi ju tiyín lọ: ìkìlọ̀ pé ímeèlì ti há wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn lẹ́tà yòókù, gbogbo wọn jọ dé fóònù alábòójútó lẹ́yìn tó ti tún un ṣe. Telegram ò ṣòroó so mọ́ Uptime Kuma. SMS dára jù fún pàjáwìrì, torí kò nílò dátà, á sì dún láàárín òru. Pín wọn sí méjì: èyí tó lè dúró di àárọ̀, kó lọ sí Telegram láìdún, èyí tó gbọ́dọ̀ jí ọ, kó má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Fóònù tó bá ń dún lóròòru, láìpẹ́ ni olówó rẹ̀ á máa pa á kó tó sùn.

Àwọn ohun kan wà tí gbogbo èyí ò lè ṣe fún ọ. Kò sí ìṣọ́ tó lè sọ fún ọ pé lẹ́tà rere kan wà nínú àhámọ́; lójú ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa yẹ àhámọ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí ọjọ́ méje ni Proxmox máa ń tọ́jú wọn mọ kí ó tó kó wọn dànù, bí o ò bá yí i padà. Bákan náà ni lẹ́tà gbájúẹ̀ tí kò ní fáírọ́ọ̀sì nínú, tó kàn ń sọ fún akápò pé ọ̀gá ní kó san owó sí àkáǹtì tuntun. Ó lè kọjá láìsí aago kankan tó máa dún, àdéhùn pé kí akápò pe ọ̀gá lórí fóònù ló lè dá a dúró. Àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì wà nínú log rẹ, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kàn ọ́ níbẹ̀, nítorí náà iye nìkan ni kó o máa fi ránṣẹ́ sí VPS tó wà nílẹ̀ òkèèrè, má fi àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. Ní ti ọ̀gá, má bá a ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Sọ fún un pé láàárín ìṣẹ́jú 25 tó bá ṣẹlẹ̀, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Kó o sì fi kún un pé lẹ́tà tó há fún wákàtí díẹ̀ kì í sọnù. Ìlànà SMTP, òfin tí gbogbo sáfà ímeèlì fi ń gbé lẹ́tà fúnra wọn, ní kí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó sọ̀rètí nù.

Tí o bá gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ tán, má gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Dúró di alẹ́ Sátidé kan tí iṣẹ́ ò sí, kó o sọ fún akọ̀wé ṣáájú. Wọ inú gateway, kó o tẹ systemctl stop pmg-smtp-filter. Pínǹgì á máa dáhùn, pọ́ọ̀tù 25 á máa dáhùn. Gbé fóònù sílẹ̀ níwájú rẹ, kó o wo aago. Tó bá dún láàárín ìṣẹ́jú 25, tẹ systemctl start pmg-smtp-filter, tẹ postqueue -f tẹ̀ lé e kí àwọn tó há lè máa lọ. Tí kò bá dún, tẹ méjèèjì náà, kó o wá kọ sí mi pẹ̀lú script tí o lò.